Ọjọ́ Mẹ́ta Kò Tó fún Ẹni Tó Ń Kó Ìwé Rẹ̀ Kúrò ní Libreville

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, ni wọ́n dìbò ààrẹ ní orílẹ̀-èdè Gabon. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán, ìjọba ti ní kí wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀nà dí pátápátá ní Libreville tí í ṣe olú-ìlú wọn, kò sì là títí di àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 30, nígbà tí àwọn ológun kéde lórí tẹlifíṣàn pé àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ali Bongo. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni gbogbo ayé ń sọ nígbà náà, ohun tó sì yẹ kí wọ́n máa sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ó kan oníṣòwò, ilé-ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tọ́jú ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Òkùnkùn náà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ mẹ́ta gan-an ni iye ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìtọ́jú ìwé tó gbajúmọ̀ jù láyé fi ń pa àyípadà mọ́ kí ó tó dà á nù, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé kí ó pa á mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kó àti ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Database ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fún àkójọ ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ẹni tí òun jẹ, ọjà tó kù nínú ilé ìkẹ́rùsí àti owó tó wọlé lánàá. Àwọsánmà tí wọ́n sì ń wí kì í ṣe ojú ọ̀run rárá. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, tó wà nínú ilé ńlá kan ní òkèèrè, tí wọ́n ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ṣètò iná rẹ̀ kí ó má baà kú, tí oníbàárà sì ń san owó bí ó bá ṣe lò ó sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kó ìwé wọn lọ síbẹ̀ nítorí iná mànàmáná tí kò dúró, nítorí olè, àti nítorí kọ̀ǹpútà tí ó lè kú lójijì pẹ̀lú ìwé ọdún mẹ́wàá nínú rẹ̀.

Libreville kì í ṣe ìlú àjèjì sí àwọn ènìyàn wa. Ní ọjà Mont-Bouët, tí ó tóbi jù ní ìlú náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà, ti Benin àti ti Togo wà lára àwọn tó ń ná ọjà tí wọ́n sì ń tà á. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ kó ìwé rẹ̀ lọ sí àwọsánmà ní láti mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ti Amẹ́ríkà tó ń ṣe òwò yìí, South Africa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ilé kọ̀ǹpútà wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà sí: Microsoft ní ọdún 2019, Amazon ní 2020, Google ní 2024. Ẹlòmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé tàbí ilẹ̀ Ireland ni yóò kó tirẹ̀ lọ. Èyíówù kí ó jẹ́, ìsàlẹ̀ òkun ni ìwé náà yóò gbà kọjá, nínú wáyà bíi SAT-3 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, àti ACE tí ó tẹ̀ lé e ní 2012, àwọn méjèèjì sì gúnlẹ̀ sí Libreville.

Bí ó bá jẹ́ àga àti àpótí ni wọ́n ń kó, ìṣòro kò ní pọ̀. Ohun tí wọ́n kó lánàá kò ní yí padà lójú ọ̀nà. Ìwé òwò kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní oníṣòwò ìrẹsì kan wà ní Mont-Bouët tí dída ìwé rẹ̀ kọ sí ilé tuntun gba ọjọ́ méjì gbáko. Láàrin ọjọ́ méjì náà, kò ní ti ìsọ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè yóò wá san án, ẹlòmíràn yóò ra ogún àpò, ẹlòmíràn yóò dá márùn-ún padà. Nígbà tí àdàkọ náà bá fi parí ní ọjọ́ Túsìdeè, ìwé ọjọ́ Àìkú ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá gbé e ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó san gbèsè ní ọjọ́ Mọ́ńdè yóò tún di onígbèsè, ìjà yóò sì dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní change data capture, tí wọ́n gé kúrú sí CDC, èyí tí í ṣe ìtọpa àyípadà. Gbogbo database tó ní láárí ló ní ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó ń kọ ohun gbogbo tí ó bá ṣe sí, ní títò tẹ̀lé ara wọn. Oracle ń pe tirẹ̀ ní redo log, MySQL ń pè é ní binlog, PostgreSQL ń pè é ní WAL. Olùtọpa yóò jókòó ti ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ náà, yóò máa kà á bí wọ́n ti ń kọ ọ́, yóò sì máa rán an lọ sí ilé tuntun pé: lágbájá ti san gbèsè, ogún àpò ti jáde, márùn-ún ti padà wọlé. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ilé tuntun yóò bá ti àtijọ́ dọ́gba, oníṣòwò yóò sì kó lọ láìti ìsọ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olùtọpa a máa dúró, nígbà mìíràn a sì máa fo ọ̀rọ̀ láìpariwo. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí CDC rẹ̀ dúró tí ó kàn tẹ bọ́tìnì pé kí ó tún máa lọ, ọmọdé ló ń ṣe. Ibi mẹ́ta péré ni ọ̀nà ti lè dí: nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, lójú ọ̀nà, tàbí nínú ilé tuntun tí wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló sì ń fi ibi tó dí hàn. Kí ni ohun tí ilé àtijọ́ kọ kẹ́yìn, aago mélòó sì ni? Kí ni ohun tí olùtọpa kà kẹ́yìn? Kí ni ohun tí ilé tuntun gbà sílẹ̀ kẹ́yìn? Bí olùtọpa bá ti kà dé aago mẹ́wàá, tí ilé tuntun ṣì wà ní aago méje, ẹjọ́ kò sí lọ́rùn ilé àtijọ́ mọ́. Bí olùtọpa fúnra rẹ̀ bá wà ní aago méje nígbà tí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ti dé aago mẹ́wàá, kí wọ́n yẹ ọ̀nà àti àṣẹ ìwọlé rẹ̀ wò.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé àtijọ́ ni pé wọn kò la ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ náà dé ibi tí olùtọpa ti lè rí i kà. Nínú PostgreSQL, bí wọ́n ṣe ń gbé e dé láti ilé-iṣẹ́ kò tó. Wọ́n ní láti yí wal_level sí logical, kí wọ́n sì pa database náà, kí wọ́n tún un tàn. Nínú MySQL, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ lè máa kọ àṣẹ tí wọ́n pa nìkan, ó sì lè máa kọ ìlà kọ̀ọ̀kan tí ó yí padà. Èyí kejì, tí wọ́n ń pè ní ROW, ni olùtọpa ń fẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ dà bí ẹni tó sọ pé “ẹ fi owó kún iye ọjà” àti ẹni tó sọ pé “àpò ìrẹsì kan ti di iye báyìí”. Ti àkọ́kọ́ lè ní ìtumọ̀ méjì níbi méjì. Ti ìkejì kò lè yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Gabon ti wọlé ni iye ọjọ́ tí ilé àtijọ́ ń fi pa ìtàn àyípadà mọ́. SQL Server, ẹ̀rọ Microsoft, ní CDC tirẹ̀ láti ọdún 2008. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ló ń pa àyípadà mọ́, lẹ́yìn náà agbálẹ̀ inú rẹ̀ yóò gbá a dànù. Bí ẹnì kan ní òkè òkun bá ń ka àyípadà yìí láti Libreville ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, tí kò sì yí iye ọjọ́ náà padà, ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti ṣírò. Ọ̀nà dí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Òwò ń lọ nínú ìlú díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpútà ilé àtijọ́ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, ọjọ́ mẹ́ta pé. Lẹ́yìn náà ni agbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà. Nígbà tí ọ̀nà là ní àárọ̀ Ọjọ́rú, apá kan nínú ìtàn náà ti lọ. Kò sí ohun tí ẹni tó ń ka á lè ṣe ju pé kí ó bẹ̀rẹ̀ àdàkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ni yóò tẹ̀síwájú láti ibi tí ó kù, tí ihò yóò sì wà nínú ìwé wọn títí láé.

Kì í sì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà. Ní 2016, lẹ́yìn tí wọ́n kéde èsì ìbò ààrẹ ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n tún ń pa á lálaalẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Òru sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yàn fún dída ìwé kọ, nítorí pé iṣẹ́ kì í pọ̀ nígbà náà. Yàtọ̀ sí ti ìjọba, òkun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà mẹ́rin, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ omi nítòsí Abidjan. Ilé-ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, Ghana àti Côte d'Ivoire ló kígbe. Orúkọ ACE àti SAT-3 wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn kan náà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Libreville. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà méjì bá gba orí afárá kan náà kọjá, kí ẹni tó ń rìn má ṣe kà wọ́n sí méjì.

Nítorí náà, òfin tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ pẹ́ ju òkùnkùn lọ. Kí ẹni tó ń kó ìwé rẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè pé ọjọ́ mélòó ni òkùnkùn tó gùn jù tí ìlú òun ti rí, kí ó sì fi ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pa ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́. MySQL 8.0 ń pa tirẹ̀ mọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ bí wọ́n ṣe gbé e dé. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń lo MySQL lọ́dọ̀ Amazon RDS má fọkàn balẹ̀, nítorí pé níbẹ̀, wọ́n máa ń pa ìwé náà rẹ́ ní kíákíá bí oníbàárà kò bá fúnra rẹ̀ yan iye wákàtí tí ó fẹ́. Omi ló dànù, agbè kò fọ́, ni wọ́n máa ń fi tu ẹni tó pàdánù nínú. Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ni agbè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá ṣì wà, ohun tó dà sílẹ̀ ṣeé pọn padà.

PostgreSQL ní ìwà tó yàtọ̀ sí èyí, ewu tirẹ̀ sì wà ní òdìkejì. Bí wọ́n bá ti yan olùtọpa fún un, kò ní ju ewé kan nù nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ títí olùtọpa yóò fi kà á. Bí ọ̀nà bá dí fún ọjọ́ mẹ́rin, ìwé yóò máa ga sí i títí disk yóò fi kún, ilé àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ṣì ń lò yóò sì dákú. Láti ẹ̀yà 13, tí ó jáde ní ọdún 2020, ni wọ́n ti fi ààlà kan sí i tí wọ́n ń pè ní max_slot_wal_keep_size. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tí ìwé bá kọjá ààlà náà, wọn yóò sọ ọ́ nù, àdàkọ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí àyè pọ̀ nínú disk, kí ẹnì kan sì máa wò ó lójoojúmọ́.

Àwọn àṣìṣe tí kì í pariwo ló burú jù. Ọ̀kan ni ìlà tí kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Bí onígbèsè méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìwé, tí kò sì sí nọ́ńbà tó yà wọ́n sọ́tọ̀, nígbà tí olùtọpa bá ní kí wọ́n pa gbèsè ọ̀kan rẹ́, ilé tuntun kò ní mọ èwo. Ó lè pa ti àwọn méjèèjì rẹ́, ó sì lè má pa ìkankan. Kí wọ́n fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni aago. Libreville fi wákàtí kan ṣíwájú aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC, bí Èkó ti ṣe é. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ inú àwọsánmà ló ń ka UTC. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ ọ́ pé kí olùtọpa bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án, tí ó ní ti Libreville lọ́kàn, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́wàá ti Libreville. Òwò wákàtí kan ti ṣègbé nìyẹn, kò sì sí ohun tí yóò pariwo.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí àdàkọ àti ìtọpa ti pàdé. Ẹni tó bá dúró kí àdàkọ parí kí ó tó yan olùtọpa ti pàdánù ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ láàrin. Ìlànà tó tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi àmì sí ojú ibi tí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ dé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdàkọ, kí wọ́n sì ní kí olùtọpa bẹ̀rẹ̀ láti ojú àmì yẹn. Ẹ̀kẹrin ni àwọn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn nínú database, tí wọ́n ń pè ní trigger. Bí ilé àtijọ́ bá ní àṣẹ kan pé kí ó kọ rìsíìtì nígbàkígbà tí ọjà bá jáde, olùtọpa yóò gbé ọjà náà lọ, yóò sì gbé rìsíìtì náà lọ. Bí àṣẹ kan náà bá jí sílẹ̀ nínú ilé tuntun, òun náà yóò kọ rìsíìtì tirẹ̀. Ọjà kan, rìsíìtì méjì. Kí wọ́n dá àwọn àṣẹ náà dúró nínú ilé tuntun títí di ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Kíka iye ìlà kò tó, nítorí pé ẹgbẹ̀rún ìlà lè wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí owó inú wọn sì yàtọ̀. Kí wọ́n ro owó gbogbo onígbèsè pọ̀ níbi méjèèjì. Kí wọ́n ro iye àpò. Kí wọ́n pín ìwé náà sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí nípa oṣù, kí wọ́n fi oṣù wé oṣù. Bí ihò bá wà, oṣù tí ó wà yóò fara hàn, wọn kò sì ní nílò láti da gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé-ìfowópamọ́ TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ìwé àwọn oníbàárà rẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún lọ sí ilé tuntun. Ìwé náà dé láìsọnù, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ilé tuntun kò ṣí dáadáa, oníbàárà tó tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni kò rí owó wọn dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù lé wọn. Ní Nàìjíríà, láàrin oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ọdún 2024, Sterling, Zenith àti GTBank ṣe àyípadà sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà sì ké nítorí owó tí wọn kò rí lò. Bí ó bá lè ṣe igi tútù bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣe gbígbẹ? Ilé-ìfowópamọ́ ní agbẹjọ́rò àti owó ìtanràn. Oníṣòwò ìrẹsì kò ní ju orúkọ rere rẹ̀ lọ lọ́wọ́ oníbàárà.

Ní ọjọ́ ìrékọjá, kí wọ́n ti ìwé àtijọ́ kí ẹnikẹ́ni má kọ sí i mọ́. Kí wọ́n dúró títí ilé tuntun yóò fi gba ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Kí wọ́n tún owó rò. Ìgbà náà ni kí wọ́n tó ní kí òṣìṣẹ́ máa lo ilé tuntun. Kí wọ́n sì yan olùtọpa mìíràn tí yóò máa gbé àyípadà láti ilé tuntun padà sí ti àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ọ̀nà àbọ̀ lè wà bí ìlọ kò bá dára. Nígbà tí ó bá dá wọn lójú, kí wọ́n pa ilé àtijọ́ rẹ́ pátápátá, nítorí pé orúkọ àti gbèsè ènìyàn wà nínú rẹ̀. Gabon ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2011, Nàìjíríà náà sì ṣe tirẹ̀ ní 2023.

Ìjọba lè yí padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wáyà lè já lábẹ́ òkun láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kò sí oníṣòwò tó lè dá ìkankan dúró nínú méjèèjì. Iye ọjọ́ tí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ yóò fi wà nílẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré sì ni yóò gbà á láti yí i padà. Kí ó yí i padà lónìí, kí ọ̀nà tó dí.